Igbó Ni Tàbí Ọ̀dàn? Ohun Tí Iná Olókèméjì Fi Hàn Wá

Ẹnikẹ́ni tó bá ti rìnrìn àjò láti Ìbàdàn lọ sí Ṣakí tàbí Kíṣì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò ti rí i bí igbó ṣe ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, títí tí yóò fi di koríko gíga pẹ̀lú àwọn igi tó jìnnà síra wọn. Bó bá ṣe oṣù Kíní tàbí oṣù Kejì ni, ó ṣeé ṣe kí pápá máa jó lápá ọ̀tún, kí ilẹ̀ apá òsì sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò, kí àwòdì máa rà bàbà lókè, kí ó máa gbé tata tó ń sá fún iná. Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa mi orí, a ó sì wí pé, “Ẹ wo bí wọ́n ṣe ba igbó jẹ́.” Lẹ́yìn èyí, ohun tó máa ń kàn ni pé kí a dá owó jọ, kí a ra ọmọ igi, kí a sì lọ gbìn wọ́n.

Èmi tí mo ń kọ èyí ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa lónìí, igi gbígbìn ti di ara ètò ọdún ìkórè àti ti àwọn ọ̀dọ́, a sì ń ṣe é tọkàntọkàn. Kò sí ẹni tí yóò bá igi gbígbìn jà. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tó fi ọjọ́ ayé wọn wo ilẹ̀ koríko ń bẹ̀ wá pé kí a kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè kan kí a tó gbẹ́ ihò àkọ́kọ́: ṣé igbó ni ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀, tàbí ọ̀dàn ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀? Ìdáhùn kan tó lágbára wà ní tòsí wa, ní Olókèméjì, níbi tí wọ́n ti fi iná wádìí ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀dàn. Ọ̀dàn ni ibi tí koríko ti bo ilẹ̀, tí igi sì wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí orí wọn kò kan ara wọn. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára igbó kì í ṣe pé kò ní igi, koríko ni. Nínú igbó, ewé igi ti pàdé lókè, òjìji bo ilẹ̀, koríko ọ̀dàn kò sì lè gbé inú òjìji. Nínú ọ̀dàn, oòrùn ń dé ilẹ̀, koríko ń ga, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, koríko yẹn a gbẹ, a sì di ohun ìdáná. Iná yóò wá jó o. Ojú ibi tí koríko ti ń hù wà nílẹ̀ pẹ́kípẹ́kí tàbí nínú erùpẹ̀, níbi tí ooru iná kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Nítorí náà, bí iná bá kọjá, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ewé tútù tuntun á ti yọ, nígbà mìíràn kí òjò kankan tó rọ̀. Igi kékeré tí góńgó rẹ̀ wà lókè kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Àwọn igi ọ̀dàn ní ọgbọ́n tiwọn. Ẹ wo ara igi ẹ̀mí, èyí tí àwọn ìyá wa ń ti ara èso rẹ̀ ṣe òrí: èèpo rẹ̀ nípọn, ó sì là gátagàta, iná a sì kọjá lára rẹ̀ láìdé inú igi. Èyí tó ṣì kéré lè jó dé ilẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kò kú. A tún sọ, a tún jó, a tún sọ, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, títí di ọdún kan tí iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí orí rẹ̀ yóò fi ráyè ga ju ibi tí ọwọ́ iná ń tó lọ. Igi tí ẹ rí tí kò ga ju orúnkún lọ yẹn, gbòǹgbò rẹ̀ lè ti dàgbà ju ọmọ tó ń fi í ṣeré lọ. Àwọn igi inú igbó kìjikìji kò mọ ọgbọ́n yìí. Èèpo tiwọn fẹ́lẹ́, bí iná bá ti fi ọwọ́ kan ọmọ wọn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó parí.

Ní ọdún 1929, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó ya abala ilẹ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ nínú igbó ìjọba Olókèméjì, lẹ́bàá odò Ògùn, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ láti Èkó sí Ìbàdàn yóò rántí orúkọ ibùdókọ̀ náà. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ kò ju èyí lọ: kí ni iná ń ṣe sí ilẹ̀ tó wà ní ẹnu ààlà igbó àti ọ̀dàn? Abala kan ni wọ́n ń sun lọ́dọọdún ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà oṣù Kẹta. Èkejì ni wọ́n ń sun lọ́dọọdún ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà oṣù Kejìlá. Ẹ̀kẹta ni wọn kò jẹ́ kí iná dé rárá. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọyẹ́ kan náà ló ń fẹ́ lórí wọn.

Àwọn onímọ̀ igbó méjì, Charter àti Keay, tún ilẹ̀ náà yẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún 28, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1960. Ní abala tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, koríko ló jọba, igi tó kù níbẹ̀ kò pọ̀, àwọn tó sì kù jẹ́ irú èyí tó lè fara da iná. Ní abala tí wọ́n ń sun ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, igi pọ̀ gan-an ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ga. Ọ̀dàn ni síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dàn onígi ni. Abala kẹta tí iná kò dé ti ń di igbó. Igi igbó ti hù níbẹ̀, ìtàkùn ti dì mọ́ wọn, òjìji ti bo ilẹ̀, koríko sì ti lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tó gbin igi igbó wọ̀nyẹn. Ẹyẹ àti afẹ́fẹ́ ló gbé èso wọn wá láti inú igbó tó wà nítòsí, ohun kan ṣoṣo tí ènìyàn sì ṣe ni pé ó dá iná dúró.

Kí ló dé tí iná oṣù Kejìlá àti ti oṣù Kẹta fi yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé koríko kan náà ni wọ́n ń jó? Nínú oṣù Kejìlá, omi ṣì wà nínú ìdí koríko, erùpẹ̀ kò tíì gbẹ tán, ìrì sì ń sẹ̀ lóru. Iná bẹ́ẹ̀ kì í ga, a máa fo ibì kan kó tó jó ibòmíràn, bí alẹ́ bá sì lẹ́, ó lè kú fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kẹta, ohun gbogbo ti gbẹ bí ìràwé. Iná náà a ga, ooru rẹ̀ a pọ̀, kì í sì í fo ibì kankan. Èyí tó burú jù ni pé àkókò yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ igi ń yọ ọ̀jẹ̀lẹ́wé ní ìrètí òjò, tí wọ́n ti ná oúnjẹ tí wọ́n tọ́jú sínú gbòǹgbò tán sórí ewé tuntun. Iná bá wọn ní àpò òfìfo. Brian Hopkins, tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà, tún lọ wo bí iná ṣe ń jó ọ̀dàn ní Olókèméjì, ó sì tẹ ìwádìí tirẹ̀ jáde ní ọdún 1965. Kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ni a ti rí irú èyí. Ní Kokondekro, nítòsí Bouaké ní Côte d'Ivoire, irú abala mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ni Aubréville bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wò ní ọdún 1936, ìtàn tó sì ti ibẹ̀ jáde bá ti Olókèméjì mu.

Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn abala kẹta lè tètè sọ pé ọ̀rọ̀ ti yanjú: gbogbo ọ̀dàn ló jẹ́ igbó tí iná bàjẹ́, ẹ pa iná, igbó yóò padà. Níbí ni ìṣọ́ra ti yẹ. Keay fúnra rẹ̀, nínú ìwé tó kọ ní ọdún 1949 nípa ewéko ilẹ̀ Nàìjíríà, ya ọ̀dàn tó ti ara igbó jáde nítorí oko dídá àti iná sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀dàn tó wà ní òkè sí i. Olókèméjì wà nínú ti àkọ́kọ́. Kíṣì àti Igbóho kò sí níbẹ̀.

Ìwádìí kan tí Carla Staver, Sally Archibald àti Simon Levin tẹ̀ jáde ní ọdún 2011 mú kí ọ̀rọ̀ yìí túbọ̀ yé ni. Wọ́n lo àwòrán tí àwọn ẹ̀rọ ojú sánmà yà, wọ́n fi wo bí igi ṣe pọ̀ tó ní ilẹ̀ Áfíríkà, Ọsirélíà àti Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi wé iye òjò tó ń rọ̀. Níbi tí òjò kò ti tó 1,000 mìlímítà lọ́dún, ọ̀dàn ni a sábà máa ń rí. Níbi tó bá ti ju 2,500 lọ, igbó ni. Àmọ́ láàárín méjèèjì, a lè rí igbó, a sì lè rí ọ̀dàn, lábẹ́ òjò kan náà. Iná ni ohun tó ń pín wọn. Òjò Ìbàdàn jẹ́ nǹkan bí 1,200 sí 1,300 mìlímítà lọ́dún. Orí ilẹ̀ tó lè lọ sí ọ̀tún tàbí sí òsì ni a ń gbé, bí igbó bá sì ti padì, koríko kò ní sí láti gbé iná wọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dàn tí iná ń jó lọ́dọọdún kì í fi ààyè gba igbó. Olúkúlùkù ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ènìyàn nìkan ló dá ọ̀dàn sílẹ̀. Ilẹ̀ koríko ti tàn ká ilẹ̀ olóoru láti nǹkan bí mílíọ̀nù 8 ọdún sẹ́yìn, kí àgbẹ̀ kankan tó gbé ọkọ́. Ní etí òkun Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, níbi tí igbó ti já, tí ọ̀dàn sì sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀bá òkun, àwọn onímọ̀ wa ẹrẹ̀ láti ìsàlẹ̀ adágún Sélé ní Bẹ̀nẹ̀, wọ́n sì ka ìyẹ̀fun òdòdó àtijọ́ tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n rí i pé igbó wà níbẹ̀ nígbà kan, àti pé láàárín nǹkan bí 4,500 sí 3,400 ọdún sẹ́yìn ni ojú ọjọ́ gbẹ, tí ọ̀dàn sì gba ibẹ̀. Ọ̀dá ló kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Iná àti ọkọ́ bá a níbẹ̀.

Ìtàn tiwa fúnra wa mọ̀ pé ọ̀dàn kì í ṣe ilẹ̀ ẹ̀gbin. Ọ̀dàn ni Ọ̀yọ́ Ilé wà, nítorí èyí ni ẹṣin fi lè gbé ibẹ̀ tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ sì fi lókìkí; nínú igbó, eṣinṣin tó ń fa àrùn orun kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé. Àlùfáà Samuel Johnson, tó ṣiṣẹ́ Olúwa ní Ọ̀yọ́, kọ nípa ọdún Bẹẹrẹ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bẹẹrẹ ni koríko tí a fi ń bo ilé, àwọn ènìyàn a sì máa gbé e wá fún Aláàfin láti fi bo ààfin. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gé e, kí iná tó gba pápá. Ó wá hàn pé pápá sísun ní àsìkò tirẹ̀ nínú ọdún, ó sì ní ètò. Mo rò pé èyí ni a sọ nù jù lọ. Lónìí, ọdẹ lè sun pápá nítorí ẹmọ́ àti òkété, darandaran lè sun ún nítorí koríko tútù, ẹni tó ń mu sìgá lórí ọ̀kadà sì lè sun ún láìmọ̀, nínú oṣù tó bá wù wọ́n. Iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn náà ló sì ń jó oko kòkó àti kasú àwọn ọmọ ìjọ wa.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí igi gbígbìn. Ní ọdún 2015 ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ AFR100, pé kí wọ́n tó dé ọdún 2030, àwọn yóò tún 100 mílíọ̀nù hẹ́kítà ilẹ̀ tó ti bàjẹ́ ṣe. Nàìjíríà wà lára wọn. Ní ọdún 2024, Kate Parr ti Yunifásítì Liverpool, pẹ̀lú Mariska te Beest àti Nicola Stevens, yẹ ètò náà wò, wọ́n sì kọ́ ọ jáde pé ó lé ní 70 mílíọ̀nù hẹ́kítà nínú ilẹ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè náà ṣèlérí tó jẹ́ ilẹ̀ koríko àti ọ̀dàn, kì í ṣe igbó. Àwọn tó kọ ètò náà kò ní èrò ibi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé a ti sọ “títún ilẹ̀ ṣe” àti “gbígbin igi” di ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu wa.

Bí a bá gbin igi padì sórí ọ̀dàn ńkọ́, kí ló bàjẹ́? Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ Brazil dáhùn, nítorí ọ̀dàn tí wọ́n ń pè ní Cerrado wà níbẹ̀, wọ́n sì ti wò ó fínnífínní. Ní ibùdó ìpamọ́ Santa Bárbara ní ìpínlẹ̀ São Paulo, wọ́n dá iná dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, igi sì bẹ̀rẹ̀ sí í bo ọ̀dàn náà. Rodolfo Abreu, Giselda Durigan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ka ohun tó kù níbẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2017. Òótọ́ ni pé kábọ́ọ̀nù tí igi tọ́jú pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n níbi tó ti di igbó tán, oríṣi ewéko dín kù ní ìdá 27 nínú 100, oríṣi èèrà sì dín kù ní ìdá 35. Nínú àwọn tí kò lè gbé ibòmíràn àfi ọ̀dàn, ewéko dín kù ní ìdá 67, èèrà ní ìdá 86. Ohun tí a jèrè lókè, a pàdánù rẹ̀ nílẹ̀. Brazil ti yí ọkàn padà lórí ọ̀rọ̀ náà: ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba wọn fọwọ́ sí òfin tó fi ìlò iná pẹ̀lú ọgbọ́n rọ́pò èrò àtijọ́ pé kí iná má ṣe sí rárá.

Ọ̀dàn tó ti bàjẹ́ sì ṣòro púpọ̀ láti dá padà, ó ṣòro ju igbó lọ nínú àwọn ọ̀nà kan. Ọ̀pọ̀ nínú ọrọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀: gbòǹgbò tó wú bí iṣu, èyí tó ti ń sọ láti ọdún pípẹ́. Katakata tó tú ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan gé gbogbo wọn. Ashish Nerlekar àti Joseph Veldman kó ìwádìí láti ibi púpọ̀ jọ ní ọdún 2020, wọ́n sì rí i pé ó kéré tán, ọgọ́rùn-ún ọdún ni ilẹ̀ koríko tó ti tú nílò kí oríṣi ewéko rẹ̀ tó lè pé bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ní Brazil, àwọn ará abúlé ń ṣa irúgbìn koríko ìbílẹ̀ nínú ọ̀dàn tó ṣì dára, wọ́n ń fún un sórí ilẹ̀ tó ti bàjẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ tó ń tánni ní sùúrù ni.

Kí ni èyí jẹ́ fún ìgbìmọ̀ ilẹ̀ ìjọ tó fẹ́ gbin igi lọ́dún tó ń bọ̀? Bí ilẹ̀ náà bá wà ní agbègbè Abẹ́òkúta, Ìbàdàn tàbí Ilé-Ifẹ̀, tí igbó díẹ̀ sì ṣẹ́kù nítòsí, owó tí a fẹ́ fi ra ọmọ igi lè ṣe iṣẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá fi ro etí ilẹ̀ náà yíká lẹ́ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, kí iná má baà wọ̀ ọ́. Igi ìbílẹ̀ yóò wá fúnra wọn, bí wọ́n ti wá sí Olókèméjì. Bí ilẹ̀ náà bá wà ní òkè lọ́hùn-ún, ní Ṣakí, Igbóho tàbí Kíṣì, tó sì jẹ́ pé ẹ̀mí, ayin àti igi irú ló wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú koríko, ẹ má jẹ́ kí katakata tú u láti fi tíìkì bò ó. Ewu tó wà lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí ni àwọn tó ń gé igi rẹ̀ fún èédú. Ẹ̀mí tí a gbìn lónìí lè gba ọdún 15 sí 20 kó tó so. Èyí tó wà níbẹ̀ ń so lọ́wọ́lọ́wọ́, àwọn obìnrin abúlé sì ń jẹun lórí rẹ̀. Bí pápá yóò bá jó lọ́nà kan tàbí òmíràn, ẹ bá baálẹ̀, àwọn ọdẹ àti darandaran jókòó nínú oṣù Kọkànlá, kí ẹ fẹnu kò sí ọ̀sẹ̀ tí yóò jó, kí gbogbo olóko tó wà nítòsí sì gbọ́.

Níbi tí kò bá ti dá wa lójú irú ilẹ̀ tó jẹ́, àwọn àgbàlagbà abúlé a máa rántí bóyá igi ńlá ni wọ́n gé kí wọ́n tó dá oko níbẹ̀ nígbà èwe wọn, tàbí koríko ni wọ́n bá. Ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn, láti ọdún 1954. Ó yẹ kí aṣojú ìjọ dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè yìí kí a tó san owó ọmọ igi.